Mo ra ọkọ̀ ìbejì tí kò níwèé, àpò irin kan ló bá a wá

Tuntun_Lómi

Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ra àlòkù kátámáránì kékeré kan, onígbòkun. Ó ti pẹ́ tí ẹni tó tà á fún mi ti lò ó gbẹ̀yìn, kò sì sí ìwé kankan tó bá a wá. Ohun tí mo bá nílẹ̀ ni ọkọ̀ gbọọrọ méjì tí wọ́n fi irin dè pọ̀, aṣọ dúdú kan tí wọ́n nà sáàárín wọn, òpó alumíníọ̀mù tó gùn ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, ìgbòkun méjì nínú àpò, àti àpò mìíràn tó kún fún irin wẹ́wẹ́, wáyà àti okùn. Mo da àpò irin yẹn sílẹ̀ lánàá, mo jókòó tì í fún wákàtí méjì. Nígbà tí mo máa fi dìde, okùn nìkan ni mo dá mọ̀ níbẹ̀.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ há orúkọ gbogbo rẹ̀ sórí ni, àbí kí n kàn máa tò ó títí tí yóò fi dúró? Kò sí orúkọ lára ọkọ̀ náà mọ́, oòrùn ti jẹ ẹ́.

Atukọ̀_Àtijọ́

O kú oríire, àbúrò. Má tíì to nǹkan kan. Kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ihò wà láàárín ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí pátákó lè gbà wọ inú omi? Aṣọ àárín yẹn, ṣé ó bá orí ọkọ̀ dọ́gba ni, àbí wọ́n gbé e ga lórí ẹsẹ̀? Kí o sì fi téèpù wọn gígùn rẹ̀ fún mi.

Tuntun_Lómi

Kò síhò kankan, ẹ̀gbọ́n. Aṣọ náà wà lókè lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà márùn-ún. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kò bára mu: ti òde tẹ́, ti inú yọ ikùn. Ṣé oòrùn ló wọ́ ọ ni?

Atukọ̀_Àtijọ́

Kò wọ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Hobie 16 lo rà. Hobie Alter, ará California tó ń ṣe pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun, ló gbé Hobie 14 jáde ní 1968. 16 yìí ló tẹ̀ lé e. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5.05, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 2.41, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó kílò 145.

Ìdí tí òde fi tẹ́ tí inú sì yọ ni pé kò ní pátákó ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi di omi mú, kí atẹ́gùn má baà gbá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ewé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo pátákó. Òun ń lo ikùn. Nínú ọkọ̀ méjèèjì, èyí tó wà lápá ibi tí atẹ́gùn ń lọ ló máa ń rì wọmi jù, òun ló sì ń ti gbogbo ara padà sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ fá a dọ́gba. Mo ti rí ẹni tó dán an wò.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ilé tèmi, Táíwò là ń pe ọkọ̀ ọ̀tún, Kẹ́hìndé là ń pe ti òsì, ó sì rọrùn ju kéèyàn máa na ìka lọ, pàápàá bí atẹ́gùn bá ń pariwo.

Tuntun, má há orúkọ sórí. Ohun tó ń dá òpó dúró ni pé wáyà mẹ́ta ń fà á síbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì séyìí tó borí. Bí o bá mú irin kan lọ́wọ́, má wulẹ̀ bi í pé kí lorúkọ rẹ. Bi í pé: kí lò ń fà, ta ló sì ń fà ọ́ padà? Nínú ọkọ̀ onígbòkun, ohun tí kò bá ní alátakò, ó ti ń múra àtijá bọ́ nìyẹn.

Ó yá, lọ sídìí òpó tó wà nílẹ̀ yẹn. Máa tọ̀ ọ́ lọ sókè. Kí o tó dé orí pátápátá, wàá rí ibi tí irin kan ti gbá wáyà púpọ̀ mú pọ̀. Kà wọ́n. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ méje. Padà wá sọ fún wa.

Tuntun_Lómi

Méje ni lóòótọ́, mà! Ẹ ò tiẹ̀ rí ọkọ̀ náà o. Mẹ́rin nínú wọn tín-ín-rín, wọ́n ní nǹkan ìdìmú rọ́bà nísàlẹ̀. Mẹ́ta nípọn díẹ̀ jù wọ́n lọ. Nínú mẹ́ta yẹn, gígùn méjì dọ́gba.

Ìyá_Ìbejì

O káre. Méjì tó dọ́gba yẹn ni wáyà ẹ̀gbẹ́: ọ̀kan á sọ̀ kalẹ̀ sára Táíwò, ọ̀kan sára Kẹ́hìndé. Ẹ̀kẹta ni wáyà iwájú. Òun kì í dé ara ọkọ̀ tààrà. Wo imú ọkọ̀ méjèèjì, wàá rí wáyà kúkúrú kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, tí àwọn méjèèjì pàdé láàárín. Ìjánu nìyẹn, bí ìjánu ẹṣin ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì wá sọ́wọ́ ẹni tó gùn ún. Orí ìjánu yẹn ni wáyà iwájú máa jókòó sí.

Mẹ́rin tín-ín-rín ni ti tràpíìsì, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í di òpó mú. Ènìyàn ló ń fi wọ́n kọ́ ara sí òde ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tó gbé ìdí sójú òfuurufú tó fi ẹsẹ̀ ti etí ọkọ̀, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ lè tẹ ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń gbé sókè. Ìyẹn ṣì jìnnà sí ọ. So wọ́n mọ́ ara òpó ná, kí wọ́n má lọ́ mọ́ nǹkan mìíràn.

Fẹ̀sọ̀jẹ

Ẹ tún má gbàgbé irin tó tẹ̀ sábẹ́ irin ìdábùú iwájú, ẹni tí kò bá wo abẹ́ ọkọ̀ kò ní rí i. Orí irin ìdábùú yẹn lòpó jókòó sí, gbogbo wáyà tó sì ń fa òpó sísàlẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí. Bí kò bá sí irin abẹ́ yẹn tó ń tì í sókè, àárín rẹ̀ á fà wálẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹran tí ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn atukọ̀ òyìnbó ń pè é ní dolphin striker, bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbá ẹja lórí. N kò tíì rí ẹja tó gbá.

Okùn_Gígùn

Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè é ní ọkọ̀ ìbejì, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ tó ti ní tẹ́lẹ̀ gan-an fẹ́ bá a mu? Èdè Tamil ni kátámáránì ti wá. *Kattu* ni kéèyàn so nǹkan, *maram* ni igi. Igi àsopọ̀. Àwọn apẹja wọn ló ń so ìtì igi pọ̀ tí wọ́n ń fi í wọ òkun, àwọn òyìnbó gbọ́ orúkọ náà, wọ́n gbé e lọ.

Fẹ̀sọ̀jẹ

Igi àsopọ̀ ti ya ìbejì. Ẹ bá wa dá ọ̀rọ̀ padà sídìí òpó.

Oníwáyà

Kí ó tó gbé òpó sókè, ó yẹ kó yẹ wáyà wò. Tuntun, mú àkísà kan, fi di wáyà mú, fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má fi ọwọ́ lásán ṣe é. Níbi tí àkísà bá ti há, fọ́nrán kan ti já níbẹ̀. Fọ́nrán kan péré ti tó láti ju wáyà náà nù, má sọ pé èyí tó kù ṣì pọ̀. Ìdí ibi tí wáyà ti wọ inú irin nísàlẹ̀ ni kí o wò jù, nítorí ibẹ̀ lomi iyọ̀ máa ń dúró sí.

Ohun kejì ni rínǹgì. Gbogbo píìnì tó so wáyà mọ́ ọkọ̀ ló ní ihò kékeré lẹ́nu, rínǹgì tí kò tóbi ju èékánná lọ ló máa ń gba ibẹ̀ kọjá kí píìnì má baà yọ. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, rínǹgì kan sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ nínú iyanrìn. Mo wá a tì, mo mú wáyà tín-ín-rín kan, mo ká a síbẹ̀, mo ní tí mo bá dé màá tún un ṣe. A ti jìnnà sétí omi nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, *pá!*, bí ìgbà tí okùn ilù bá já. Kí n tó wẹ̀yìn, òpó ti ń lọ sínú omi pẹ̀lú ìgbòkun lára rẹ̀. Ó gba àárín èmi àti ẹnì kejì mi kọjá. Kò gbá ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ló yọ wá. A fi ọwọ́ wa ọkọ̀ délé, ó gbà wá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà, rínǹgì mẹ́wàá ló ń wà nínú àpò mi, mo sì máa ń fi téèpù wé gbogbo èyí tí mo bá ti fi sí i, kí okùn má baà fà á yọ.

Tuntun_Lómi

Ọ̀rọ̀ yín bà mí lẹ́rù, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ó dára bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo fi àkísà fa gbogbo wọn láàárọ̀ yìí. Ó há lẹ́ẹ̀mejì lára wáyà ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti ní kí wọ́n bá mi ṣe méjì tuntun, nítorí mo rò pé èyí tó kù á jẹ́ ọjọ́ orí kan náà.

Oníwáyà

Ìbejì ni wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń dàgbà. O ṣe dáadáa.

Atukọ̀_Àtijọ́

Tí wáyà tuntun bá dé, bí o ṣe máa gbé òpó dìde rèé. Má dá a ṣe. Ẹni méjì ló kéré jù.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o wo òkè. Alumíníọ̀mù ni òpó yẹn, ó sì ga. Wáyà iná mànàmáná tó bá wà lókè ibi tí o ti ń to ọkọ̀, tàbí lójú ọ̀nà tí wàá fi tì í lọ sétí omi, ikú ló wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣe apá òkè òpó Hobie 16 tuntun pẹ̀lú fáíbà dípò irin nítorí èyí, ṣùgbọ́n tìrẹ lè jẹ́ irin délẹ̀, àti pé fáíbà kì í ṣe ẹ̀rí pé o lè sún mọ́ wáyà.

Yí imú ọkọ̀ kọjú sí atẹ́gùn. Tẹ́ òpó sílẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wà níbi ìjókòó rẹ̀ lórí irin ìdábùú iwájú, kí orí rẹ̀ na sẹ́yìn ọkọ̀. De wáyà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọkọ̀ kí o tó gbé e rárá. Tí o bá gbàgbé ìkan, òpó á dìde tán, á wá wo ibi tó wù ú, á sì ṣubú síbẹ̀. Fi píìnì ìdí òpó sí ìjókòó rẹ̀ kó má baà ta kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á dúró lórí aṣọ àárín, á gbé òpó lé èjìká, á máa rìn bọ̀ níwájú, ẹnì kejì á ti wà níwájú ọkọ̀, á máa fa okùn. Tó bá ti nàró, ẹni iwájú kò gbọdọ̀ dẹ ọwọ́ títí ẹnì kejì á fi sọ̀ kalẹ̀ wá de wáyà iwájú mọ́ ìjánu, tí yóò fi píìnì sí i, tí yóò fi rínǹgì sí i. Kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mí.

Ìyá_Ìbejì

Kó sì yọ píìnì ìdí òpó kúrò kó tó wọ omi. Gbígbé dìde nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Lójú omi, òpó yẹn gbọ́dọ̀ lè yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì bí ìgbòkun bá ń yí. Tó bá fi píìnì dè é mọ́lẹ̀, nǹkan kan á ṣẹ́.

Tuntun_Lómi

Áà! Ṣé píìnì tó ní ìdìmú lórí, tó sì ní ọmọ irin tó ń yọ síta wọlé lẹ́nu? Nínú gbogbo irin tó wà nínú àpò, òun nìkan ni mo ti ń wá ibi tí yóò gbé lára ọkọ̀, n kò rí. Kò níbi tó ń gbé ni!

Ìyá_Ìbejì

Àlejò ni. Ó wá ṣiṣẹ́, ó lọ.

Tuntun_Lómi

Mo ti dé o. Òpó dìde! Èmi àti àbúrò mi ni, ẹ̀ẹ̀mẹta la gbìyànjú rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wáyà ẹ̀gbẹ́ kan lọ́ mọ́ ìtọ́kọ̀, a kò rí i.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ta ìgbòkun kékeré ti iwájú, jíìbù, mo fa okùn rẹ̀ le dáadáa. Bí mo ṣe wo wáyà iwájú, ó ti dẹ̀! Ó ń fì bí okùn àsáṣọ. Mo ní òpó ti fẹ́ ṣubú, mo sọ jíìbù kalẹ̀ kíá, mo ní kí àbúrò mi sá. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Atukọ̀_Àtijọ́

Kò sí ohun tí o ṣe. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn, jọ̀ọ́ ní kí àbúrò rẹ padà wá.

Jíìbù yẹn ní wáyà tirẹ̀ tí wọ́n rán mọ́ etí iwájú rẹ̀. Bí o bá fà á le, wáyà inú jíìbù ló gba iṣẹ́ wáyà iwájú ṣe, ìyẹn sì wá ráyè sinmi. Wáyà iwájú ló ń di òpó mú bí jíìbù kò bá sí lókè. Nítorí náà, rántí èyí: bí o bá fẹ́ sọ jíìbù kalẹ̀, wo wáyà iwájú ná, kí o rí i pé ó ṣì so mọ́ ìjánu, rínǹgì rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo máa ń fa okùn jíìbù tèmi títí wáyà ẹ̀gbẹ́ á fi máa dún bí gìtá.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò nílò gìtá. Tí ó bá le tó bẹ́ẹ̀, òpó kò ní lè yí ọrùn nínú atẹ́gùn pẹ̀lẹ́, ìgbòkun ńlá á sì kọ̀ láti gba ìrísí tó yẹ. Tuntun, fà á títí tí wáyà ẹ̀gbẹ́ kò fi ní máa fì bí o bá fi ìka tì í, ó tó. Tí o bá wà lójú omi, wáyà ẹ̀gbẹ́ tó wà lápá ibi tí atẹ́gùn ń lọ á tún dẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn náà kò burú.

Atukọ̀_Àtijọ́

Ọdún mélòó la ti ń ja ìjà yìí? Mo gbà fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Fún ẹni tó ń sáré ìdíje, mi ò gbà.

Tuntun_Lómi

Ẹ má bínú, ìbéèrè tún dé. Ìgbòkun ńlá ló kàn báyìí. Ó wọ ojú ihò tó wà lẹ́yìn òpó, ó gòkè dé orí. Mo wá fa okùn ìsàlẹ̀ tó ń na ìgbòkun wálẹ̀. Bí mo ṣe fà á báyìí, gbogbo ìgbòkun tẹ̀ lé ọwọ́ mi bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Èkejì: aṣọ rẹ̀ hunjọ, ìlà wẹ́wẹ́ ń ti ara àwọn igi pẹlẹbẹ inú rẹ̀ jáde.

Fẹ̀sọ̀jẹ

Ti igi pẹlẹbẹ rọrùn. Bátìnì ni wọ́n ń pè é. Orí tó tín-ín-rín ló ń wọlé síwájú, èyí tó nípọn á wà lẹ́yìn, okùn kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàá fi fún un. Fún un títí ìlà inú aṣọ á fi pòórá, kí o dúró níbẹ̀. Tí o bá fún un jù, bátìnì á tẹ̀ bí ọrun, kò sì ní fẹ́ yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì nígbà tí o bá ń yí ọkọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ mi.

Oníwáyà

Ti ìgbòkun tó ń já bọ̀: kò tíì kọ́ lórí. Irin kan wà lórí òpó lókè pátápátá tó dà bí ìkọ́. Wáyà okùn ìfàsókè ní rínǹgì kan tó gbọ́dọ̀ há sábẹ́ ìkọ́ náà. Ìkọ́ yẹn ló ń gbé ìgbòkun, kì í ṣe okùn tí o so mọ́ ìdí òpó. Ohun tí wàá ṣe nìyí: dúró síwájú òpó, jìnnà sí i díẹ̀, kí okùn lè ya kúrò lára òpó bí o ṣe ń fà á. Fà á títí dé ibi tí kò lè gòkè mọ́. Nígbà yìí, mú okùn náà wá súnmọ́ òpó, kí o wá rọra dẹ̀ ẹ́. Wàá rí i pé ìgbòkun dúró. Dán an wò, fa etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Bí kò bá bọ̀, ó ti há.

Tí o bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, fà á sókè díẹ̀, yà kúrò lára òpó padà, kí rínǹgì lè kọjá ìkọ́. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọ ló máa ń bú òpó lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Tuntun_Lómi

Ó há! Mo gbọ́ ọ lókè, *tákí*. Adùn tó wà nínú ìró kékeré yẹn, mi ò lè sọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì

O kú iṣẹ́. Ohun kan kù: okùn tó ń fa ìgbòkun ńlá wọlé, tó ní púlì púpọ̀, òun ni kí o so gbẹ̀yìn. Láìso ó, ìgbòkun á kàn máa gbọn pẹpẹ bí àsíá. Bí o bá ti so ó, tí atẹ́gùn sì yí díẹ̀, ọkọ̀ kílò 145 á gbéra lọ láìdúró dè ọ́. Kí o tó tì í wọ omi, fi ọwọ́ kan ìdérí ihò ìfàmijáde lẹ́yìn ọkọ̀ méjèèjì. Fi ọwọ́ kàn án o, má fi ojú wò ó. Wọ ẹ̀wù ìmúléfòó. Atẹ́gùn tó bá ju nọ́ọ̀tì 10 lọ (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré atẹ́gùn), jókòó sílé.

Tuntun_Lómi

Mo ti lọ, mo ti dé. Ẹ jókòó kí n ròyìn.

Lílọ dùn. Bí ìgbòkun ṣe gba atẹ́gùn báyìí, ọkọ̀ kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń gbéra, ó kàn ti wà níwájú. Ibi tí mo ti fẹ́ yí padà ni ọ̀rọ̀ ti yí. Mo ti ọwọ́ ìtọ́kọ̀ kíá, imú ọkọ̀ yí dé ojú atẹ́gùn, ó dúró síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ìgbòkun ń lu pẹpẹ. A bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Mo tún gbìyànjú, ohun kan náà. Níkẹyìn, mo yí i gba ọ̀nà kejì, èyí tí a máa kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, ìgbòkun gbá lọ sódì kejì lójijì, a sì dojú dé. Òpó sùn sórí omi. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú ogún ká tó gbé e dìde.

Atukọ̀_Àtijọ́

Ẹ kú ewu. Ọ̀rọ̀ yíyí ọkọ̀ padà ni n ó mú.

Ọkọ̀ ìbejì fúyẹ́, ó sì gùn, kò ní ìwọ̀n tí yóò gbé e kọjá ojú atẹ́gùn. Eré tó bá ní lọ́wọ́ nìkan ló máa ná. Ìtọ́kọ̀ méjì tí a bá tì kíá kì í darí ọkọ̀, bíréèkì ló ń ṣe. Kọ́kọ́ sáré dáadáa, kí o wá rọra ti ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Má tú okùn jíìbù. Jẹ́ kí atẹ́gùn lù ú láti ẹ̀yìn, òun ni yóò gbá imú ọkọ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn tí imú ti kọjá ni wàá tó tú u, kí o fà á ní ẹ̀gbẹ́ tuntun. Ní àkókò kan náà, dẹ okùn ìgbòkun ńlá díẹ̀, nítorí bó bá le, òun á máa ti imú padà sójú atẹ́gùn.

Bí ó bá tún dúró, má bá a jà. Jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sẹ́yìn, ìtọ́kọ̀ ń ṣiṣẹ́ lódì: yí ọwọ́ rẹ̀ sí òdìkejì ibi tí o ti tì í tẹ́lẹ̀, imú á yí.

Oníwáyà

Ti gbígbé e dìde: ṣé ẹ tú okùn ìgbòkun kúrò lẹ́nu irin eléyín tó dì í mú kẹ́ ẹ tó máa fà á?

Tuntun_Lómi

Rárá o.

Oníwáyà

Mo mọ̀. Ìgbòkun tí okùn rẹ̀ há ń gbé omi bí abọ́. Tú okùn ìgbòkun méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan wẹ̀ lọ sí imú, kó di í mú, kí atẹ́gùn lè yí ọkọ̀ títí imú yóò fi kọjú sí i. Ju okùn ìgbédìde sórí ọkọ̀ tó wà lókè, kẹ́ ẹ dúró sórí èyí tó wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi gbogbo ara fẹ̀yìn tì. Atẹ́gùn á wọ abẹ́ ìgbòkun, á bá yín gbé e. Bó bá ti ń bọ̀, ẹ di irin abẹ́ tí Fẹ̀sọ̀jẹ ń bú yẹn mú, kó má baà tún ṣubú sí òdìkejì. Ẹ má sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ rárá: bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láìsí yín, ẹ kò lè wẹ̀ bá a.

Fẹ̀sọ̀jẹ

Ẹja kan ṣoṣo tó gbá nìyẹn: èmi. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí.

Tuntun_Lómi

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun kan ló kù. Nígbà tí a fà á wá sí etí omi, tí mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn, omi díẹ̀ ló kán láti inú Táíwò. Kẹ́hìndé tú omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo ti fi ọwọ́ kan ìdérí rẹ̀ kí a tó lọ, ó le dáadáa.

Ìyá_Ìbejì

Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ náà ni. Po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó, gbé Kẹ́hìndé sórí nǹkan rírọ̀, fi kànrìnkàn ta á yí ká: ojú ibi tí wọ́n ti lẹ òkè mọ́ ìsàlẹ̀, ìdí ẹsẹ̀ irin méjèèjì, ìdí wáyà, ìdí ìrólé ìtọ́kọ̀, ìyẹn irin tí ìtọ́kọ̀ so mọ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Fi téèpù dí ihò ìmí rẹ̀ tó wà lókè. Kí o wá fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn gba ihò ìfàmijáde, pẹ̀lú rọ́bà kékeré. Ẹnu o, má lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Ẹ̀rọ yẹn á la ojú ìlẹ̀pọ̀ ọkọ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan, wàá wá ní iṣẹ́ gidi.

Tuntun_Lómi

Àbúrò mi ló fẹ́ ẹ, èmi ń wò. Ojú ìlẹ̀pọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ìdí ẹsẹ̀ irin, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn, níbi skúrúù ìsàlẹ̀ tó mú ìrólé ìtọ́kọ̀, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó di róbótó bí ojú ẹja, ó bẹ́. Òmíràn wú. Mo fi ìka yí skúrúù náà láìlo irinṣẹ́, ó ń yí.